Ojú Àwọn Àgbà Wa: Ìgbà Wo Ni Kí A Ṣe Iṣẹ́ Abẹ, Níbo Sì Ni Kí A Ti Ṣe É?

Orúkọ àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ àti ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wà ní ojú ewé ìròyìn ẹbí gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níhìn-ín kì í ṣe ti ìkómọ, kì í sì í ṣe ti ìsìnkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí ni òun náà, nítorí ilé tí kò ní bàbá tàbí ìyá kan tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Ìyá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọjà Katako láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà kí a sọ ìtàn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí a dárúkọ wọn. Nítorí náà Màmá ni a ó máa pè wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í dín lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n rò pé ọmọbìnrin tí ń bá wọn tajà ni ó ń mú un. Wọ́n bá a jà lójú ọjà, ọmọ náà sunkún lọ sí ilé wọn, kò sì padà wá mọ́. Lẹ́yìn èyí ni obìnrin Berom kan tí ó ra ẹ̀wà padà wá láti ìdí ọkọ̀. Ó na owó sí Màmá, ó ní, “Mama, ga kuɗinki.” Ṣẹ́ńjì ₦100 ni ó yẹ kí Màmá fún un, ₦1,000 ni wọ́n kà sí i lọ́wọ́. Kò sí olè kankan ní ìdí igbá yẹn. Ojú ni.

Àwa náà rí i, a kò sì kà á sí nǹkan. Ní ibi ìkómọ kan ní Tudun Wada, Màmá na owó ọmọ sí ìrọ̀rí, ìyá ọmọ sì jókòó sí apá kejì bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ délẹ̀, àwa kan náà ni a tún dá wọn dúró. Ọ̀kan nínú wa ní kò tíì gbó, kí wọ́n jẹ́ kí ó gbó dáadáa. Ẹnì kejì ní kí wọ́n dúró di Kérésì, kí àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó dé, kí wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lè jẹ́ pé láàárín ẹbí ni wọn yóò ti ṣe é. Nígbà tí Kérésì súnmọ́, ẹnì kẹta ní ọyẹ́ ti dé, kí wọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá. Kérésì kọjá lẹ́ẹ̀mejì. A kọ èyí sílẹ̀ kí ó má bàa dà bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí.

Kí ni ohun tí ó ń ṣe Màmá? Àwọn dókítà ń pè é ní kátárátì. Lẹ́yìn ọmọlójú, nínú ẹyinjú gan-an, Ọlọ́run fi ohun kékeré kan sí i tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì àtùpà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí a tó ríran. Bí a bá ti ń dàgbà, gíláàsì yìí a máa pọ́n, a máa ṣókùnkùn, títí yóò fi funfun bí omi ẹ̀kọ. Kò sí ìrora níbẹ̀, nítorí náà ni ẹni tí ó ń ṣe kì í fi í tètè mọ̀. Àtọ̀gbẹ a máa mú kí ó yá. Ẹni tí òkúta tàbí ẹgba bà lójú lè ní in ní ọ̀dọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oògùn ojú kan tí a ń rà ní ẹ̀gbẹ́ títì láìsí ìwé dókítà, tí a sì ń kán fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí pé ojú ń yún wa, lè fa òun náà. A kò ní tan ara wa: kò sí oògùn kíkán, kò sí àgbo, kò sí oyin, kò sí omi ọmú, tí ó lè mú gíláàsì tí ó ti ṣókùnkùn mọ́ padà. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó wà fún un.

Àrùn yìí kì í ṣe kékeré ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí a ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, tí a yẹ ojú àwọn àgbà tí ó lé ní 13,000 wò, ó hàn pé nínú 100 ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé díẹ̀ ní 4 tí ó fọ́jú. Kátárátì ni ó fọ́ ojú 43 nínú 100 àwọn afọ́jú náà. Ẹ rò ó wò: ènìyàn tí a lè là lójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ń fi ọ̀pá fà lọ fà bọ̀.

Ohun kejì tí ìwádìí yẹn fi hàn ni ó bà wá lẹ́rù jù. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti tọ́jú nítorí kátárátì, ó lé ní 42 nínú 100 tí kì í ṣe ní ilé ìwòsàn. Àwọn alábẹ́rẹ́ ni ó ṣe wọ́n. Àwa tí a ń gbé òkè Ọya mọ àwọn ènìyàn yìí dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Wọ́n á dé láti ìlú kan sí òmíràn pẹ̀lú àpò awọ, wọn á jókòó ti arúgbó, wọn á fi abẹ́rẹ́ gún ẹyinjú, wọn á sì fi ti gíláàsì tí ó ṣókùnkùn náà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó ré sí ìsàlẹ̀ inú ojú. Wọn kò yọ ọ́ kúrò o. Bí ẹni gbá ilẹ̀ tí ó kó ìdọ̀tí sí abẹ́ ẹní ni. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé lójú ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń gbà á gbọ́.

Bàbá wa kan tí wọ́n fi ẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ rélùwéè ṣe é ní ilé wọn, nígbà tí ọmọ wọn kò sí nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ka ìka ọwọ́ ara wọn ní márùn-ún pé, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀, wọ́n sì sanwó. Alábẹ́rẹ́ gba owó, ó kọjá lọ. Ní òru ọjọ́ kẹta ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n bí ẹni pé a fi iná jó o. Nígbà tí a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ojú náà ti kún fún ọyún. Kò ríran mọ́ títí di òní. Ohun tí ó dùn wá ni pé, kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, kò sí ohun tí ó ṣe ojú Bàbá ju kátárátì lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn akọrin ìjọ wa tí ń kọ Messiah ní àsìkò Kérésì mọ orúkọ Handel, àwọn tí ń tẹ dùùrù sì mọ Bach. Alábẹ́rẹ́ kan náà ni ó ṣe ojú àwọn méjèèjì, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Taylor, tí ń kiri ìlú dé ìlú ní Yúróòpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fi ọwọ́ kan ojú Bach ní 1750. Ojú náà fọ́, Bach sì kú ní oṣù Keje ọdún yẹn. Handel náà kò ríran títí ó fi kú ní 1759. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń yọ gíláàsì náà jáde. Nígbà tí ó di 1949, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Ridley, fi gíláàsì àtọwọ́dá rọ́pò èyí tí ó yọ. Bí ó ti rí ọgbọ́n náà ṣàjèjì: nígbà ogun Hitler, àfọ́kù fèrèsé ọkọ̀ òfúrufú wọ ojú àwọn awakọ̀ òfúrufú, ó sì rí i pé ike náà jókòó sínú ojú wọn láìṣe é ní nǹkan. Nínú ìyẹn ni iṣẹ́ tí a ń ṣe lónìí ti wá.

Àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ wa ṣì ń sọ nípa ìgbà tí ó jẹ́ pé Kano ni a ń gbé olójú lọ, sí ilé ìwòsàn ojú tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní 1943. Ẹni tí ó bá wọ rélùwéè ní Jos á gba Kafanchan, á gba Kaduna àti Zaria, kí ó tó dé ibẹ̀. Lónìí, kò di dandan kí a rin ìrìn yẹn. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos ní Lamingo. Ó wà ní ilé ìwòsàn Bingham pẹ̀lú, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Evangel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí àwọn ará ọjà sì ń pè ní Jankwano. Kaduna sì ní ilé ìtọ́jú ojú ti ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀ràn tí ó bá le.

Wàyí o, ìgbà wo ni ó yẹ kí a ṣe é? Ọ̀rọ̀ “kò tíì gbó” tí a fi dá Màmá dúró, kì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí kò sí gíláàsì àtọwọ́dá, tí ẹni tí a ṣe fún ní láti máa lo awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò, dókítà fúnra rẹ̀ a máa ní kí a dúró títí aláìsàn kò fi ní ríran mọ́. Ayé ìgbà náà ti lọ. Lónìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì: ǹjẹ́ ojú rẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ kí ó ṣe fún ọ? Bí ìyá bá lè ka owó rẹ̀, kí ó ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú, kò sí ìkánjú. Kí ó lọ ṣe awò tuntun, kí ó sì máa lọ fi ojú han dókítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di pé ó ń fi ₦1,000 ṣe ₦100, ìgbà ti tó. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ ń fọ́n ká lójú rẹ̀ lálẹ́, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ rí dókítà.

Ẹni tí ó bá sì dúró jù, kì í ṣe pé ó kàn ń fi àkókò ṣòfò. Gíláàsì náà a máa le, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ a sì máa nira sí i. Nígbà mìíràn a máa wú tàbí kí ó máa jò sínú ojú, ojú á wá pọ́n, á máa ro ni gidigidi, ó sì lè ba okùn ìríran jẹ́. Àwọn arúgbó tí ń ṣubú ní ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Eegun ìtàn tí ó dá ní ẹni àádọ́rin ọdún, àwa tí a ti sin òkú mọ ibi tí ó máa ń yọrí sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí gan-an. Kì í ṣe gbogbo ojú tí ó ń ṣe bàìbàì ni kátárátì. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní gùlókómà. Ó ń jẹ okùn tí ó gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ, ohun tí ó bá sì jẹ kì í padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ó sì ń rìn nínú ẹbí. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń retí kí ojú rẹ̀ “gbó” lè jẹ́ pé gùlókómà ni ó ń bá gbé, tí ó sì ń pàdánù ohun tí owó kò ní lè rà padà. Nítorí náà, dídúró de iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí dídúró de àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Nílé pẹ̀lú, ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ẹ fi ìkejì wo kàlẹ́ńdà lára ògiri, kí ẹ sì pààrọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ojú kan ti lọ tán, tí ẹni tí ó ni ín kò mọ̀, nítorí pé ìkejì ń ru ẹrù méjèèjì. Bí ọmọ kékeré bá sì ní ohun funfun nínú ọmọlójú rẹ̀, ẹ má ṣe sùn lé e lórí. Ti ọmọdé kò ní dúró dìgbà kankan.

Níbo ni kí a ti ṣe é? Èyí ni ọ̀rọ̀ àwa àlejò, nítorí àwa ni a ní ilé méjì. Ó dùn mọ́ ènìyàn kí ó ṣàìsàn láàárín ẹbí rẹ̀, a kò jiyàn. Ilé ìwòsàn gidi sì wà nílé: Ògbómọ̀ṣọ́ ní ti Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, Ìbàdàn sì ní UCH. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kì í ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ohun tí ó gùn ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e. Dókítà á fẹ́ rí ojú náà ní ọjọ́ kejì, á fẹ́ rí i ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, á tún fẹ́ rí i ní bí oṣù kan. Ẹni tí ó ṣe é nílé, tí ó sì wọkọ̀ padà sí Jos ní ọjọ́ kẹrin nítorí ọjà, ta ni yóò wo ojú rẹ̀ bí ó bá pọ́n? Àti pé ìrìn àjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di alẹ́, pẹ̀lú eruku àti ihò ojú ọ̀nà, kì í ṣe ohun tí a fi ń kí ojú tuntun káàbọ̀. Ìdájọ́ tiwa ni pé kí olúkúlùkù ṣe é ní ibi tí yóò gbé fún oṣù méjì tí ó tẹ̀lé e, àti ní ibi tí ẹni tí yóò máa kán oògùn fún un wà. Bí ó bá jẹ́ ilé ni, kí ó lọ jókòó sí ilé. Bí ó bá jẹ́ Jos ni, kí ẹbí ilé fi owó ọkọ̀ tí wọn ìbá fi wá ránṣẹ́.

Ní ti ọyẹ́, dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbogbo ìgbà, kò sí ìgbà tí a kà á léèwọ̀. Òótọ́ ni pé eruku ọyẹ́ ti Jos kò ní àánú. Ẹni tí kò bá kánjú, tí ó sì lè mú oṣù tí òjò ti pa eruku, ara á tù ú díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ má ṣe di àwáwí tí a ó máa sọ lọ́dọọdún, bí àwa ti sọ ọ́.

Màmá wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún yìí. Kí ó tó di ọjọ́ náà, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ojú náà kí wọ́n lè mọ irú gíláàsì tí yóò bá a mu, nítorí kì í ṣe ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ bi wọ́n léèrè ṣáájú pé owó tí wọ́n pè, ṣé gíláàsì wà nínú rẹ̀, ṣé oògùn wà nínú rẹ̀, ṣé ìpadàbọ̀ fún àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ìṣètò ìlera ìjọba àpapọ̀, tí òfin ọdún 2022 sọ di NHIA, kí wọ́n béèrè èyí tí ìṣètò náà yóò bá wọn san.

Ẹ̀rù ba Màmá pé wọn yóò yọ ẹyinjú síta, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá a padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tí ó pa ìrora sí ẹ̀gbẹ́ ojú, Màmá kò sùn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Dókítà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tóbi, la ẹnu kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, ó yọ gíláàsì tí ó ti bàjẹ́, ó sì fi tuntun sí i. Ẹnu náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà a kì í rán an, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa dé. Nọ́ọ̀sì ní, “Duba sama,” Màmá sì wo òkè, Hausa ogójì ọdún nínú ọjà wúlò lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi bọ́ńdéèjì bo ojú náà, Màmá sì sùn sí ilé ara wọn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú kan ni wọ́n ṣe. Ìkejì di ẹ̀yìn ìgbà tí èyí bá ti san.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí bọ́ńdéèjì, Màmá ní kùrukùru ni àwọn ń rí, àwọn rò pé kò yọrí sí rere. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù. Ojú a máa ṣomi ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, a máa rí bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a sì máa gún un. Ní ọjọ́ kẹrin ni Màmá bi ọmọ wọn pé ta ni ó ra aṣọ búlúù fún àwọn. Dúdú ni wọ́n ti ń pe aṣọ náà láti ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kán oògùn. Ìgò méjì ni wọ́n fún Màmá, ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí ojú kẹ̀, ọ̀kan tí ń mú kí wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún ni a fi iṣẹ́ náà fún, nítorí òun ni kì í gbàgbé. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn ọ̀kan kí ó má bàa ṣì wọ́n mú, ó sì ń fi ìlà sára ògiri fún gbogbo ìgbà tí ó bá kán an. Kí ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí Màmá wo òkè, kí ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ó kán ẹ̀kán kan, kí ẹnu ìgò má ṣe kan ojú, kí Màmá sì di ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó kan èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, a sì ń dín in kù bí dókítà ti wí. Ẹni tí ó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé òun ti ń ríran, ó ń fi ojú náà ṣeré ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí omi àti ọṣẹ má ṣe wọ inú ojú náà. Aṣọ tútù ni kí a fi nu ojú. Kí a má fi ọwọ́ ra á, ní òru kí a fi ìdérí ike tí ilé ìwòsàn fún wa bò ó, nítorí ẹni tí ó sùn kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Kò sí gígun iyán, kò sí gbígbé igbá, kò sí pípọn ọmọ, kò sí fífẹ́ iná igi. Àwọn ará wa Mùsùlùmí béèrè nípa àlùwàlá àti ìforíkanlẹ̀: ẹ bi dókítà, kí ẹ sì bi ààfáà yín, ẹ̀sìn fi àyè tayámọ́mù sílẹ̀ fún aláìsàn, ó sì gbà á láàyè láti jókòó kírun. Ẹ jọ̀wọ́ pẹ̀lú, bí bàbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ojú rẹ̀ bá bá àgbà tí ó jù ú lọ pàdé, ẹ má jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀. Kí ó fi ẹnu kí i. Ìlú kò ní bàjẹ́.

Bí ojú bá ń ro ni sí i dípò kí ó dín, bí ó bá pọ́n sí i, bí ọyún bá ń jáde, bí ìríran tí ó ti ń dára bá tún ń lọ sílẹ̀, tàbí bí a bá ń rí nǹkan tí ń kọ mànà bí mọ̀nàmọ́ná tàbí bí aṣọ tí ó bo apá kan, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ Mọ́ńdè tí ń bọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá dé láti Abuja. Ojú tí ó kẹ̀ lè lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ ẹni tí ó tètè dé, a ṣì lè gbà á là.

Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀, ojú tí a ti ṣe á tún máa ṣe kùrukùru. Àwọn ènìyàn á ní kátárátì ti padà. Kò padà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé gíláàsì tuntun dúró ni ó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń ṣí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìlo abẹ.

Ọ̀rọ̀ wa tí ó kù jẹ́ ti àwa olùkí. Nígbà tí a gbọ́ pé Màmá ti ṣe ojú, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó dé ní ọjọ́ kejì, àwọn kan gbé àgbo dání, àwọn kan ń sunkún, ẹnì kan sì fẹ́ ṣí bọ́ńdéèjì wò. Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ìgbìmọ̀ ìbẹ̀wò wa yóò rán ènìyàn méjì péré, tí wọn yóò mú owó àti oúnjẹ tútù lọ, àwọn yòókù kí wọ́n dúró di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n kọ awò ìkàwé fún Màmá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo àjà ilé, wọ́n béèrè pé ọdún wo ni a ti gbá a kẹ́yìn. Ohun kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ilé àwọn òbí ọmọbìnrin tí wọ́n pè ní olè, wọ́n sì bẹ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀. Ó ti padà sí ìdí igbá ní Katako. Ojú kejì Màmá di oṣù Kẹjọ.